Bí ẹ ṣe lè gbé ayé Minecraft fún ara yín láì bà á jẹ́

Ohun tí mo máa ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn ọmọ tó ń gbé kọ̀ǹpútà wá sọ́dọ̀ mi ní Kétu, ní ilẹ̀ Benin, ni pé: "Ẹ̀gbọ́n, mo ti gba máàpù yẹn sílẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò rí i nínú géèmù." Máàpù ọ̀hún wà níbẹ̀. Ibi tí géèmù ti ń wá a ni wọn ò gbé e sí.

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí máàpù jẹ́ ná. Gbogbo ohun tí ẹ bá kọ́ nínú Minecraft, ìyẹn géèmù tí wọ́n ti ń fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ilé àti ìlú, àpò fáìlì kan ni géèmù ń kó o sí lórí ẹ̀rọ yín. Ilé, odò, ẹran ọ̀sìn àti ẹrù inú àpótí, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Àpò yẹn ni à ń pè ní ayé tàbí máàpù; ẹni tó bá ní in ló ní ayé náà.

Irú Minecraft tí ẹ ní, yálà Java tàbí Bedrock, ló kàn. Kọ̀ǹpútà ni Java wà fún. Bedrock ló wà lórí fóònù, ó sì tún wà lórí Windows, èyí tó máa ń da àwọn òbí láàmú nígbà tí wọ́n bá fẹ́ rà á fún ọmọ. Ayé ọ̀kan kì í ṣí lórí èkejì. Irinṣẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Chunker tó lè yí i padà, ṣùgbọ́n ẹ má retí pé gbogbo nǹkan á bá a débẹ̀, àgàgà àwọn àṣẹ tí ẹni tó kọ́ máàpù fi pamọ́ sínú rẹ̀.

Lórí Java, àpò tó ń jẹ́ saves, nínú .minecraft, ni ilé gbogbo ayé yín. Kí ẹ má baà wá a kiri, ẹ yan ayé kan nínú géèmù, ẹ tẹ Modifier, kí ẹ tẹ bọ́tìnì tó ń ṣí àpò ayé náà, kí ẹ sì padà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ti dé saves nìyẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń wọ́ rèé. Máàpù sábà máa ń wá nínú zip, ìyẹn fáìlì kan tí wọ́n di ọ̀pọ̀ fáìlì pọ̀ sínú rẹ̀. Tí ẹ bá ní kí Windows tú u, ó máa dá àpò tuntun tó ń jẹ́ orúkọ zip náà, á wá kó àpò gidi sínú rẹ̀. Ọmọ á gbé èyí tó wà lóde sínú saves, géèmù ò sì ní rí nǹkan kan. Ẹ ṣí àpò náà wò. Tó bá jẹ́ àpò kan ṣoṣo ló dá wà nínú rẹ̀, ẹ ṣí ìyẹn náà. Ìgbà tí ẹ bá rí fáìlì level.dat lójú ẹsẹ̀, àpò tí ẹ wà nínú rẹ̀ yẹn gan-an ni kí ẹ gbé sínú saves.

Lórí fóònù, ó rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fáìlì tó parí sí .mcworld ni ẹ máa gbà. Ẹ tẹ̀ ẹ́, Minecraft á gbé e wọlé fúnra rẹ̀. Zip náà ni, orúkọ ló yàtọ̀. Nítorí náà, tí ó bá dé pẹ̀lú .zip nídìí orúkọ rẹ̀, ẹ yọ .zip kúrò, kó parí sí .mcworld.

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ti nọ́ńbà géèmù, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí géèmù yín ṣe jẹ́ tuntun tó, torí òun ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Ká ní ọmọ kan ní Kétu kọ́ Àkàbà Ìdèna, ẹnu ibodè àtijọ́ tí gbogbo wa mọ̀, tó fi biríkì amọ̀ mọ odi, tó gbẹ́ yàrà yí i ká, tó sì fi pákó ṣe ìlẹ̀kùn. Inú mi máa ń dùn sí irú iṣẹ́ báyìí, torí ìlú tí ogun Dàhòmì fọ́ ní 1886 ni ọmọ náà ń tún mọ. Ṣùgbọ́n 1.19, tó jáde ní 2022, ló mú biríkì amọ̀ yẹn (Mud Bricks) wọ Minecraft. Tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Ṣábẹ̀ẹ́ bá fi 1.18 ṣí i, géèmù á kìlọ̀ fún un. Bó bá ṣàìgbọ́ tó wọlé, kò ní bá odi mọ́. Pákó ìlẹ̀kùn á dá dúró lójú òfúrufú. Bí géèmù bá sì ti tọ́jú ayé náà bẹ́ẹ̀, amọ̀ yẹn ò ní padà. Ẹ má fọwọ́ kan máàpù kankan láìjẹ́ pé ẹ ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sí ibòmíràn.

Ó wá ku pípín. Ẹ jáde nínú ayé náà kí ẹ tó di àpò rẹ̀ ní zip. Àpò tí ẹ bá dì nígbà tí géèmù ṣì ń kọ nǹkan sínú rẹ̀ lè bàjẹ́. Lórí fóònù, ẹ tẹ pẹ́ńsù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ayé, kí ẹ wá bọ́tìnì tó ń kó ayé jáde nísàlẹ̀. Mégà íńtánẹ́ẹ̀tì wọ́n, nítorí náà clé USB (fláàṣì) tàbí Bluetooth ló dára jù tí ọ̀rẹ́ bá wà nítòsí. Gbogbo ibi tí ẹ bá rìn dé ni géèmù ń kọ sílẹ̀, yálà ẹ kọ́ nǹkan síbẹ̀ tàbí ẹ ò kọ́. Ẹni tó bá ń fò kiri lásán, ẹrù àpò rẹ̀ ló ń dá kún.

Kí ẹ tó jáde, ẹ ka gbogbo pátákó inú ayé yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ máa ń kọ orúkọ wọn, orúkọ ilé-ìwé, kódà nọ́ńbà fóònù ìyá wọn sí i. Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wọn wò ó.

Ẹ tún fi fáìlì kékeré kan sínú zip, kí ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ bóyá Java ni tàbí Bedrock, nọ́ńbà géèmù, orúkọ tí ẹ ń jẹ́ nínú géèmù, àti bóyá ẹlòmíràn lè tún iṣẹ́ yín ṣe. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ ẹlòmíràn ni ẹ fẹ́ pín, ẹ kọ́kọ́ gbàyè lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi máàpù sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ni kò fẹ́ kí wọ́n gbé fáìlì wọn lọ síbòmíràn. Wọ́n fẹ́ kí ẹ júwe ibi tí àwọn fúnra wọn gbé e sí.