Bí Òpó Ṣe Gba Ẹrù Lọ́wọ́ Ògiri: Ìbẹ̀rẹ̀ Ilé Ìgbàlódé

Kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó máa parí lọ, ògiri ló ń ru ilé ńláńlá ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Òrùlé àti àjà ń tẹ ògiri mọ́lẹ̀, ògiri náà a sì gbé ẹrù ọ̀hún fún ìpìlẹ̀. Bí ilé bá ti ń ga sí i ni ògiri ìsàlẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa nípọn sí i, fèrèsé kò sì gbọdọ̀ fẹ̀ jù, nítorí pé gbogbo ihò tí a bá dá sí ògiri ń dín agbára rẹ̀ kù. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí ọ̀nà yìí lè bá ni dé, kí ó wo ilé Monadnock ní Chicago, tí wọ́n parí apá àríwá rẹ̀ ní 1891. Alájà 16 ni, bíríkì ni wọ́n fi mọ ọ́n, ògiri rẹ̀ nísàlẹ̀ sì nípọn tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 6. Géńdé ọkùnrin lè nà gbalaja sínú ògiri yẹn, àyè tí onílé ì bá sì fi gba owó ilé ni ògiri gbé mì.

Ọ̀nà mìíràn ti wà ní ìlú kan náà láti 1885, nígbà tí William Le Baron Jenney parí ilé Home Insurance alájà 10, tó sì gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù rẹ̀ lé egungun onírin. Iṣẹ́ egungun yìí kò díjú: àjà jókòó lórí irin ìdábùú, irin ìdábùú gbé ẹrù fún òpó, òpó gbé e fún ìpìlẹ̀. Iṣẹ́ tó wá kù fún ògiri kò ju kí ó dènà òjò, òtútù àti ojú ará ìta lọ. (Ẹ̀rọ agbéniròkè náà ti dé, ayálégbé wo ni ì bá máa fẹsẹ̀ gun àtẹ̀gùn dé àjà kẹwàá lójoojúmọ́?)

Kọ́ńkéré ló gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kì í mira, ṣùgbọ́n bí a bá fà á, kíá ni yóò sán. Nígbà tí ẹrù bá wà láàárín dẹ́kìn, ikùn dẹ́kìn náà ni ó ń fà, ìdí nìyẹn tí àwọn bírikìlà fi ń to ọ̀pá irin sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, nítorí irin kì í kọ fífà. Bí oòrùn bá mú, ohun méjèèjì ń wú ní ìwọ̀n tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà, wọn kì í sì í tú kúrò lára ara wọn. Ní 1914, Le Corbusier, ayàwòrán ilé, ya àwòrán ilé kan tó ní dẹ́kìn 3, òpó 6 àti àtẹ̀gùn, láìsí ògiri kankan.

Ní Alfeld, ní Jámánì, Walter Gropius àti Adolf Meyer, àwọn ayàwòrán ilé, ti ń fi hàn láti 1911 pé ògiri kò ní láti ru ilé, ní ilé iṣẹ́ Fagus, níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ẹsẹ̀ onígi tí àwọn aránbàtà fi ń mọ bàtà. Igun ilé ni bírikìlà àtijọ́ máa ń fún lágbára jù lọ. Ní Fagus, wọ́n yọ òpó kúrò ní igun, gíláàsì sì pàdé gíláàsì níbẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dókè.

Marcel Breuer lo ọgbọ́n kan náà fún àga ní Bauhaus, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà tí Gropius dá sílẹ̀ ní 1919. Nǹkan bí 1925, ó tẹ ọ̀pá irin oníhò bí ọwọ́ kẹ̀kẹ́: irin ni ó ń ru ẹni tó jókòó, aṣọ tí wọ́n nà sórí rẹ̀ kò ju ògiri fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lọ.

Gíláàsì kò ṣàìní ìyọnu tirẹ̀. Ilé Bauhaus ní Dessau, tí wọ́n ṣí ní 1926, ń mú ooru nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì ń tutù nini nígbà òtútù. Arieh Sharon kàwé níbẹ̀, òun ni ó sì darí àgbékalẹ̀ ọgbà Yunifásítì Ifẹ̀ ní àwọn ọdún 1960. Ní ilé Humanities níbẹ̀, ó jẹ́ kí àjà òkè yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ lọ, èyí tí ògiri bíríkì kò lè gbà láyè, kí òjìji àjà kan lè máa bo fèrèsé èkejì lọ́wọ́ oòrùn àti òjò.