Bí òṣìṣẹ́ báǹkì bá tú àṣírí akáǹtì yín

Ẹ gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn pé ₦1,847,300 ló wà nínú akáǹtì yín, iye náà sì bá a mu géérégé. Kí ẹ tó gbéra lọ pariwo ní báǹkì, ẹ gba sítétímẹ́ǹtì. Ẹ wá ọjọ́ tí owó yín jẹ́ iye yẹn gan-an. Bó bá jẹ́ láti ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́rú ni, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé láàárín ọjọ́ mẹ́ta yẹn ni ẹnì kan ṣí i wò. Òṣìṣẹ́ kì í wo akáǹtì lásán: orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà tirẹ̀ ló fi ń wọ kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà a sì kọ ọ́ sílẹ̀, tọjọ́ taago. Àkọsílẹ̀ yẹn ni ẹlẹ́rìí yín, ọwọ́ báǹkì ló sì wà.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ ilé ara yín wò o. Alẹ́ẹ̀tì tó ń wọ fóònù tí gbogbo ilé ń gbé kiri, tàbí rìsíìtì ATM tí ẹ jù sílẹ̀, ti tú àṣírí ọ̀pọ̀ èèyàn.

Bí kò bá ti ilé wá, ìwé ló kù. Tó bá jẹ́ ẹnu lẹ fi sọ ọ́, mánéjà á bẹ̀ yín, ọ̀rọ̀ á tán síbẹ̀. Ẹ kọ lẹ́tà ní ẹ̀dà méjì, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́ tiyín. Ẹ kọ iye tí wọ́n sọ, ẹni tó sọ ọ́ àti ọjọ́ tó sọ ọ́. Ẹ béèrè àwọn òṣìṣẹ́ tó ṣí akáǹtì yín láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, kí ẹ sì kìlọ̀ pé kí wọ́n má pa àkọsílẹ̀ náà rẹ́. Wọ́n lè má fẹ́ dárúkọ ẹnikẹ́ni fún yín. Àmọ́ ìkìlọ̀ yẹn gbọ́dọ̀ wà nínú lẹ́tà náà. Ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn yín.

Àwáwí tó wọ́pọ̀ ni pé “ọkọ yín la sọ fún.” Akáǹtì kì í ṣe tọkọ. Ìlànà ẹjọ́ Tournier, ẹjọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí àṣírí oníbàárà báǹkì tí kóòtù wa náà ń tẹ̀ lé, fi àyè mẹ́rin péré sílẹ̀ tí báǹkì fi lè sọ ọ́ jáde: kí òfin pàṣẹ rẹ̀, kí ire aráàlú béèrè rẹ̀, kí báǹkì fẹ́ gba ẹ̀tọ́ tirẹ̀, bíi gbèsè, tàbí kí ẹ̀yin fúnra yín yọ̀ǹda.

Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí ojútùú, ẹ fi ẹ̀dà lẹ́tà àti nọ́ńbà ẹ̀sùn ránṣẹ́ sí Báǹkì Àpapọ̀, CBN, ní cpd@cbn.gov.ng. Ẹ kọ̀wé sí NDPC pẹ̀lú, àjọ tó ń dáàbò bo ìsọfúnni aráàlú. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti ọdún 2023 ní tí àṣírí tó tú bá lè pa oníbàárà lára, báǹkì gbọ́dọ̀ fi tó àjọ náà létí láàárín wákàtí 72. Owó ìtanràn báǹkì ńlá lè tó ₦10,000,000 tàbí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún un lọ́dún, èyí tó bá pọ̀ jù. Ẹ má retí kọ́bọ̀ nínú rẹ̀ o, ti ìjọba ni. Owó gbà-má-bínú tiyín, àjọ náà lè pàṣẹ pé kí báǹkì san án, ẹ sì lè bèèrè rẹ̀ ní kóòtù, lábẹ́ òfin yẹn àti abala 37 ìwé òfin ilẹ̀ wa.

Ẹ má gbé orúkọ òṣìṣẹ́ náà sórí Facebook nígbà tí ẹ̀rí kò tíì pé. Ó lè pè yín lẹ́jọ́ ìbanilórúkọjẹ́. Bí báǹkì bá sì gbé ìwé wá pé ẹ gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí pátápátá, ẹ jẹ́ kí agbẹjọ́rò kà á kí ẹ tó fọwọ́ sí i.