Ọrọ̀ ajé àti ìgbàgbọ́ òṣèlú nínú ìlànà Amẹ́ríkà sí ilẹ̀ òkèèrè: ọ̀ràn Guatemala, 1954

Ní oṣù kẹfà ọdún 1954, wọ́n lé Jacobo Árbenz Guzmán, ààrẹ tí àwọn ará Guatemala dìbò yàn, kúrò lórí oyè. CIA, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà, ló ṣètò ìfipágbàjọba náà. Bí àríyànjiyàn bá dé lórí ohun tó ń darí ìlànà Amẹ́ríkà sí ilẹ̀ òkèèrè, yálà owó ni tàbí ìgbàgbọ́ òṣèlú, ọ̀ràn yìí wà lára àwọn tí àwọn onímọ̀ ìtàn máa ń kọ́kọ́ tọ́ka sí. Owó wà níbẹ̀, nítorí United Fruit Company, ilé-iṣẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà, ni onílẹ̀ tó tóbi jù lọ ní Guatemala. Ìgbàgbọ́ òṣèlú náà wà níbẹ̀, nítorí Ogun Tútù, ìfigagbága láàárín Amẹ́ríkà àti Sófíẹ́ẹ̀tì, ń lọ lọ́wọ́, ìjọba Washington sì ti pinnu pé kọ́múníìsì kò gbọdọ̀ rí ibì kan fẹsẹ̀ tẹ̀ ní Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà.

Ìlànà tó ti wà nílẹ̀

Ní 1823, Ààrẹ James Monroe kéde pé àwọn ìjọba Yúróòpù kò gbọdọ̀ tún wá dá ìlú amúnisìn sílẹ̀ ní ìhà Amẹ́ríkà. Amẹ́ríkà kò tíì ní agbára tó lè fi ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn nígbà yẹn. Ìgbà tó ṣẹ́gun Spéènì ní 1898 ni agbára dé. Ní 1904, Theodore Roosevelt fi kún ìkéde Monroe pé bí orílẹ̀-èdè kan ní agbègbè náà kò bá lè san gbèsè tàbí tọ́jú ìlú rẹ̀, Amẹ́ríkà lè wọ ibẹ̀ lọ ṣe ọlọ́pàá. Orí ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n dúró lé tí àwọn sójà Amẹ́ríkà fi gba Haiti láti 1915 títí dé 1934, àti Dominican Republic láti 1916 títí dé 1924. Ní Haiti, kí wọ́n tó gba ìlú rárá, ní oṣù kejìlá 1914, sójà orí omi Amẹ́ríkà wọ ilé ìfowópamọ́ ìjọba lọ, wọ́n kó wúrà tó tó 500,000 dọ́là, wọ́n sì gbé e lọ sí New York. Àwọn oníbáǹkì New York fẹ́ gba gbèsè wọn, ìjọba Washington sì ń bẹ̀rù pé Jámánì lè ráyè wọlé síbẹ̀. Ìdí méjèèjì ló wà nínú ohun tí wọ́n sọ àti ohun tí wọ́n ṣe.

Franklin Roosevelt yí ọwọ́ padà ní 1933. Ó ní òun fẹ́ kí Amẹ́ríkà jẹ́ aládùúgbò rere, wọ́n sì kó sójà kúrò. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, èdè ọ̀rọ̀ náà tún yí. Ní oṣù kẹta 1947, Harry Truman lọ bá ilé aṣòfin pé kí wọ́n fún Gíríìsì àti Tọ́kì ní 400 mílíọ̀nù dọ́là kí kọ́múníìsì má baà gbà wọ́n, ó sì sọ ọ́ bí ìjà láàárín òmìnira àti ìnilára. Ní 1948 ni ètò Marshall bẹ̀rẹ̀, èyí tó gbé nǹkan bíi bílíọ̀nù 13 dọ́là lọ sí Ìwọ̀-Oòrùn Yúróòpù. Owó yẹn bọ́ àwọn tí ebi ń pa, ó sì tún jẹ́ kí Yúróòpù rí agbára máa ra ọjà Amẹ́ríkà. Àwọn tó gbé ètò náà kalẹ̀ kò fi ọ̀kankan pamọ́ nínú méjèèjì.

Orílẹ̀-èdè Ìran ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán irú ohun tí wọ́n ṣe ní Guatemala wò. Mohammad Mosaddegh, olórí ìjọba ibẹ̀, gba epo rọ̀bì lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ní 1951. Ní oṣù kẹjọ 1953, CIA àti àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Gẹ̀ẹ́sì jọ lé e lọ. Nígbà tí wọ́n tún epo náà pín ní 1954, ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún bọ́ sọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà.

United Fruit ní Guatemala

Ọdún 1899 ni wọ́n dá United Fruit sílẹ̀, nígbà tí Boston Fruit Company àti òwò Minor Keith di ọ̀kan. Keith ló la ojú irin ní Costa Rica, tó sì gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Manuel Estrada Cabrera, tó fi ọwọ́ líle ṣe ààrẹ Guatemala láti 1898 títí dé 1920, ló ṣílẹ̀kùn fún ilé-iṣẹ́ náà. Láìpẹ́, ó ju olóko lọ. Puerto Barrios, èbúté pàtàkì tí ìlú náà ní létí òkun Kàríbíà, wà lábẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ilé-iṣẹ́ ojú irin IRCA, òun náà ló sì ni ọ̀wọ́ ọkọ̀ ojú omi tó ń kó èso lọ. Àgbẹ̀ tó ń gbin kọfí lórí òkè, tí kò ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo, iye tí ojú irin yẹn bá bù lé e náà ni yóò san kí ẹrù rẹ̀ tó dé etí òkun. El Pulpo ni àwọn ará ìlú ń pe ilé-iṣẹ́ náà, orúkọ ẹranko omi tó ní ọwọ́ mẹ́jọ.

Jorge Ubico gbàjọba ní 1931. Lábẹ́ òfin tó ṣe ní 1934, ẹni tí kò bá ní ilẹ̀ tó tó gbọ́dọ̀ lọ ṣiṣẹ́ nínú oko àwọn onílẹ̀ ńlá fún 100 sí 150 ọjọ́ lọ́dún. Àwọn tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ ẹ̀yà Maya. Ọkùnrin kọ̀ọ̀kan ní ìwé pélébé kan tó gbọ́dọ̀ máa mú kiri, inú rẹ̀ ni olóko ti ń kọ ọjọ́ tó bá ṣiṣẹ́ sí. Bí ọlọ́pàá bá dá a dúró tí ọjọ́ inú ìwé kò pé, ẹ̀wọ̀n tàbí iṣẹ́ àfipáṣe ló ń dúró dè é. Ìlú tí United Fruit ti ń jèrè nìyẹn, kì í sì í ṣe ìlú tí ilé-iṣẹ́ náà fẹ́ kí ó yí padà.

Òfin 900

Ìyípadà oṣù kẹwàá 1944 fòpin sí ìjọba àwọn ọmọ ogun tó rọ́pò Ubico. Juan José Arévalo, olùkọ́ tó ti ń gbé ní Argentina, wọlé ìbò, ó sì ṣèjọba láti 1945 sí 1951. Òfin Òṣìṣẹ́ tó gbé jáde ní 1947 fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ àti láti yanṣẹ́ lódì. Látìgbà yẹn ni United Fruit ti ń lọ ṣàròyé ní Washington.

Ọ̀gágun ni Árbenz tó rọ́pò rẹ̀ ní oṣù kẹta 1951. Ó sọ nínú ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀ pé òun fẹ́ sọ Guatemala di ilẹ̀ oníṣòwò aládàáni ti òde òní, tí yóò lè dá dúró. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà 1952, ilé aṣòfin gba Òfin 900. Nígbà yẹn, nǹkan bíi ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún àwọn onílẹ̀ ló ni ohun tó ju ìdá 70 lọ nínú ilẹ̀ oko. Òfin náà kò fọwọ́ kan ilẹ̀ tí wọ́n ń dá oko lórí rẹ̀ dáadáa. Ilẹ̀ ńlá tó wà láìlò ni ìjọba gbà, ó sì fún àwọn tó ni ín ní ìwé gbèsè ìjọba tí wọn yóò san tán láàárín ọdún 25, pẹ̀lú èlé ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Nǹkan bíi 100,000 ìdílé ló rí ilẹ̀ gbà. Árbenz fúnra rẹ̀ pàdánù nínú ilẹ̀ tirẹ̀.

Ibi tí ìjà ti le jù ni iye owó. Ìjọba ní iye tí onílẹ̀ kọ sílẹ̀ fún owó orí lòun yóò san. United Fruit ti ń kọ iye kékeré sílẹ̀ láti ọdún pípẹ́ kí owó orí rẹ̀ má baà pọ̀. Èyí tó pọ̀ jù lọ nínú ilẹ̀ rẹ̀ ló sì wà láìlò. Ilé-iṣẹ́ náà ní àìsàn tó ń pa ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló jẹ́ kí òun fi ilẹ̀ pamọ́. Fún ilẹ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ gbà ní etíkun Pàsífíìkì, Guatemala ní òun yóò san 627,572 dọ́là. Ní oṣù kẹrin 1954, ìwé dé láti Washington pé 15,854,849 dọ́là ni ilé-iṣẹ́ náà ń bèèrè. Ọ́fíìsì ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òkèèrè ló kọ ìwé náà, kì í ṣe agbẹjọ́rò United Fruit.

Àwọn tó mọ ara wọn

John Foster Dulles ló ń darí ọ́fíìsì yẹn, àbúrò rẹ̀ Allen sì ni olórí CIA. Àwọn méjèèjì ti ṣiṣẹ́ ní Sullivan & Cromwell, ilé-iṣẹ́ agbẹjọ́rò ní New York tó ti ṣiṣẹ́ fún àwọn tó ní ojú irin Guatemala. John Moors Cabot, tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ Látìn Amẹ́ríkà lábẹ́ John Foster Dulles, ní ẹ̀gbọ́n tó ti ṣe olórí United Fruit rí. Ọkọ Ann Whitman, akọ̀wé Ààrẹ Eisenhower, ló ń ṣe alukoro fún ilé-iṣẹ́ náà. Walter Bedell Smith, igbákejì Dulles, di ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ olùdarí rẹ̀ lẹ́yìn tó kúrò níṣẹ́ ìjọba.

Iṣẹ́ Edward Bernays ṣe pàtàkì bákan náà. Òun ni United Fruit gbà láti máa polongo fún un. Láti 1952, ó ń kó àwọn oníròyìn Amẹ́ríkà lọ sí Guatemala lórí owó ilé-iṣẹ́ náà, wọ́n sì ń padà wálé kọ̀wé pé kọ́múníìsì ti ń gba ìlú. Àwọn aṣòfin àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí kò dé ibẹ̀ rí ń ka ìròyìn yẹn. Bayìí ni àròyé oníṣòwò ṣe di ọ̀rọ̀ ààbò orílẹ̀-èdè lẹ́nu àwọn tí kò ní kọ́bọ̀ kan nínú òwò ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ìfipágbàjọba

Ní oṣù kẹjọ 1953 ni Eisenhower fọwọ́ sí ètò tí CIA pè ní PBSUCCESS. Wọ́n ya nǹkan bíi 2.7 mílíọ̀nù dọ́là sọ́tọ̀ fún un. Carlos Castillo Armas, ọ̀gágun tó ti sá kúrò nílùú, ni wọ́n yàn ṣe olórí. Ní oṣù kẹta 1954, John Foster Dulles lọ sí àpérò àwọn orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ní Caracas, ó sì mú kí wọ́n dìbò lòdì sí kọ́múníìsì. Guatemala nìkan ló dìbò tako ó; Mẹ́síkò àti Argentina kò dá sí i. Ní ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún, ọkọ̀ Alfhem gúnlẹ̀ sí Puerto Barrios pẹ̀lú ohun ìjà láti Czechoslovakia. Amẹ́ríkà kò fẹ́ ta ohun ìjà fún Guatemala láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Síbẹ̀, ọkọ̀ yẹn ni Washington tọ́ka sí bí ẹ̀rí pé ọwọ́ Sófíẹ́ẹ̀tì ti wọ ọ̀rọ̀ náà.

Ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ni Castillo Armas gba Honduras wọlé pẹ̀lú ọmọ ogun tí kò tó 500. Wọn kò jà dáadáa. Rédíò ló ṣiṣẹ́ jù: Voz de la Liberación, tí CIA dá sílẹ̀ tó sì ń díbọ́n pé inú igbó Guatemala lòun ti ń sọ̀rọ̀, ń kéde ogun ńlá tí kò sí níbì kankan. Ọkọ̀ òfuurufú mélòó kan ń ju bọ́ǹbù. Àwọn ọ̀gágun Árbenz gbà pé bí àwọn bá ṣẹ́gun, àwọn sójà Amẹ́ríkà gan-an ni yóò tẹ̀lé e, wọ́n sì kọ̀ láti jà. Ní ọjọ́ 27, Árbenz kọ̀wé fipò sílẹ̀. Nígbà tó ń kúrò nílùú ní oṣù kẹsàn-án, wọ́n bọ́ aṣọ lára rẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú lójú àwọn ayàwòrán. Ó kú ní Mexico City ní 1971.

Castillo Armas fagi lé Òfin 900, wọ́n sì gba ilẹ̀ padà lọ́wọ́ àwọn tálákà. Wọ́n pa á ní 1957. Ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ní 1960, kò sì parí títí di 1996. Ìgbìmọ̀ òtítọ́ tí àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé ràn lọ́wọ́ sọ ní 1999 pé ó lé ní 200,000 ènìyàn tó kú tàbí tí a kò rí mọ́, pé ìdá 83 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n mọ ẹ̀yà wọn nínú àwọn tó fara gbá jẹ́ Maya, àti pé ìjọba àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ló ṣe èyí tó pọ̀ jù. Ní ọdún yẹn kan náà, Bill Clinton sọ ní Guatemala City pé ìtìlẹ́yìn Amẹ́ríkà fún àwọn sójà tó hùwà bẹ́ẹ̀ kò dára.

Àríyànjiyàn

Àwọn tó kọ́kọ́ kọ̀wé kíkún lórí ọ̀ràn yìí rọ̀ mọ́ United Fruit, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó so ilé-iṣẹ́ náà pọ̀ mọ́ ìjọba. Nígbà tí CIA gbé apá kan nínú ìwé rẹ̀ jáde ní 1997, ẹ̀rí fún èrò kejì, pé ìgbàgbọ́ òṣèlú ló ṣíwájú, pọ̀ sí i. Ó hàn pé ẹ̀rù kọ́múníìsì ń ba àwọn òṣìṣẹ́ àjọ náà tọkàntọkàn. Ẹgbẹ́ kọ́múníìsì ní ìjókòó mẹ́rin péré nílé aṣòfin Guatemala, ṣùgbọ́n José Manuel Fortuny, aṣáájú ẹgbẹ́ náà, jẹ́ ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ Árbenz, ó sì wà lára àwọn tó kọ Òfin 900. Fortuny sọ ní ọjọ́ ogbó rẹ̀ pé Amẹ́ríkà ì bá lé àwọn lọ bí àwọn kò tilẹ̀ gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n gbàjọba tán, CIA tú ìwé Árbenz yẹ̀bẹ́yẹ̀bẹ́, wọn kò sì rí ẹ̀rí pé Moscow ló ń darí rẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà tó yẹ kí a gbé yẹ̀wò. Ní oṣù keje 1954, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí Árbenz lọ, ìjọba Eisenhower kan náà gbé United Fruit lọ sílé ẹjọ́ pé ó ń dá ọjà ọ̀gẹ̀dẹ̀ jẹ. Ọdún 1958 ni wọ́n yanjú ẹjọ́ náà, ilé-iṣẹ́ náà sì gbà láti yọwọ́ nínú apá kan òwò rẹ̀. Ìjọba tó jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ ló ń ti í kiri kì í pe ilé-iṣẹ́ yẹn lẹ́jọ́.

Ọ̀ràn Bolivia ni ó sún mọ́ tìyí jù lọ. Ní 1952, ìjọba tuntun ibẹ̀ gba ibi ìwakùsà táńganran, nígbà tó sì di 1953, ó pín ilẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀. Dípò kí Washington lé wọn lọ, owó ìrànwọ́ ló fi ránṣẹ́. Ní Japan pẹ̀lú, àwọn ọ̀gágun Amẹ́ríkà tó ń ṣàkóso ibẹ̀ lẹ́yìn ogun fúnra wọn ló ní kí wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀ ńlá fún àwọn àgbẹ̀. Àwọn tó gbà pé ìgbàgbọ́ òṣèlú ló ṣíwájú ní àtúnpín ilẹ̀ fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ lójú Amẹ́ríkà, pé àwọn kọ́múníìsì tó wà nítòsí Árbenz ló dá ìyàtọ̀ sílẹ̀. Èsì àwọn tó tako wọn ni pé kò sí ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà ní Bolivia tàbí Japan tó ní ilẹ̀, èbúté àti ojú irin pọ̀ bíi ti United Fruit, kò sì sí Bernays tó ń kó oníròyìn lọ síbẹ̀.