Ẹ Fọwọ́ Yí I Wò Kó Tó Di Ọ̀ràn

Láàárín oṣù méjì péré, ọkọ̀ mẹ́rin ni wọ́n ti wọ́ wá sí ọgbà mi nítòsí gáréèjì Ọ̀fà ní Ìlọrin, ìtàn kan náà ni gbogbo wọn sì ń sọ. Epo ti wọ́n. Awakọ̀ dé orí òkè lọ́nà Ọ̀mù-Àrán, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó ní kí ọkọ̀ máa yí lọ sísàlẹ̀ fúnra rẹ̀, kí epo lè pẹ́ lọ́wọ́ òun. Ó dé kọ́nà, ó fẹ́ yí sítíárìn, sítíárìn le gbagidi. Ẹni tí orí bá yọ, inú koríko ló ń bá ara rẹ̀. Wọ́n á wá dúró síwájú mi, wọ́n á ní, "Ẹnjiníà, sítíárìn yìí há ni o, iṣẹ́ ọwọ́ ayé ni." Ọ̀kan nínú wọn ti kọ́kọ́ gbé e dé ọ̀dọ̀ áàfáà. Tírà ti wà lábẹ́ ìjókòó, wọ́n ti wọ́n hàǹtú sí ìdí bíréèkì, kó tó rántí pé mẹkáníìkì wà.

Èmi náà ń kírun, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí àdúà. Ṣùgbọ́n ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ pa ẹ́ńjìnnì lórí ìrìn, tó tún ń wá ẹni tó di sítíárìn rẹ̀, mi ò mọ àdúà tí a fẹ́ bá a ṣe. Ẹ́ńjìnnì ló ń yí pọ́ọ̀ǹpù, pọ́ọ̀ǹpù ló ń ti ọ́ìlì, ọ́ìlì ló ń bá yín ti táyà. Ẹ pa ẹni tó ń bá yín gbé ẹrù, gbogbo ẹrù wá padà sórí yín.

Kí n tó di ẹni tó ń tún sítíárìn ọkọ̀ ilẹ̀ ṣe, ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ṣiṣẹ́ ẹ́ńjìnnì nínú ọkọ̀ òkun, ẹ̀rọ ìtọ́kọ̀ ni mo sì mọ̀ jù. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀ àlàyé, torí ẹni tó bá lóye bí ọkọ̀ tó gùn tó ọgọ́rùn-ún mẹ́ta mítà ṣe ń yí, Corolla kò ní já a láyà mọ́.

Ìtọ́kọ̀ ni abẹ̀bẹ̀ irin tó wà nídìí ọkọ̀, lẹ́yìn fáànù tó ń ti ọkọ̀ lọ. Nínú ọkọ̀ ńlá, abẹ̀bẹ̀ yẹn nìkan lè wúwo ju àádọ́ta tọ́ọ̀nù lọ, omi tó ń sáré gbá a sì ń tì í padà ní gbogbo ìgbà. Láyé àtijọ́, ogunlọ́gọ̀ ọkùnrin ló máa ń rọ̀ mọ́ àgbá ìtọ́kọ̀, ìyẹn sítíárìn ọkọ̀ òkun, nígbà ìjì, àgbá á sì ju àwọn míì nù bí ọmọdé. Ọmọ Ọ̀fà ni mí, ìjàkadì lorò wa, mo sì mọ̀ pé èèyàn kì í bá òkun jà á. Ní àwọn ọdún 1860 ni John McFarlane Gray ṣe ẹ̀rọ onísítíìmù tó ń bá wọn yí ìtọ́kọ̀ nínú Great Eastern, ọkọ̀ tó tóbi jù láyé nígbà náà.

Agbára ti wà kí Gray tó dé. Ọgbọ́n tó fi kún un ni pé ẹ̀rọ tirẹ̀ mọ ibi tó yẹ kó dúró. Ẹ wo ọmọ tó ń fi ọ̀pá mú afọ́jú kiri ní Ọjà Ọba. Ọmọ gbé ẹsẹ̀, ọ̀pá le, afọ́jú tẹ̀ lé e. Ọmọ dúró, afọ́jú ṣì rìn díẹ̀ sí i, ọ̀pá dẹ̀, òun náà dúró. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹ̀rọ ìtọ́kọ̀ ń ṣe títí dòní. Ẹni tó wà lókè yí àgbá kékeré kan sí dígírì mẹ́wàá, fáfù, ìyẹn ìlẹ̀kùn ọ̀nà ọ́ìlì, ṣí, pọ́ọ̀ǹpù ti ọ́ìlì wọ sílíńdà, pístínì ti apá irin tó di ọrùn ìtọ́kọ̀ mú. Bí ìtọ́kọ̀ ṣe ń lọ ló ń dẹ ọ̀pá tirẹ̀, èyí tó so ó mọ́ fáfù, nígbà tó bá sì pé dígírì mẹ́wàá, fáfù á pa dé. Bí ọ̀pá yẹn bá já, ìtọ́kọ̀ ò mọ ibi tó máa dúró mọ́, àfi tó bá lọ forí sọ irin ìdènà.

Òfin àgbáyé fún ààbò ẹ̀mí lójú òkun, èyí tí a ń pè ní SOLAS, ti sọ bó ṣe gbọ́dọ̀ yá tó. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré dé ojú ìwọ̀n tó lè sá, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ lè gbé ìtọ́kọ̀ láti dígírì 35 ní apá kan dé 30 ní apá kejì láàárín ìṣẹ́jú àáyá 28. Ẹni tó bá ka Fátíhà lẹ́ẹ̀kan ní sùúrù, àkókò náà ni. Ti ẹ̀rọ ìrọ́pò, èyí tí a fi pamọ́ de ìgbà tí ti àkọ́kọ́ bá bàjẹ́, kò le tó bẹ́ẹ̀: láti 15 sí 15 láàárín ìṣẹ́jú àáyá 60, nígbà tí ọkọ̀ bá ti dín eré kù sí ìdajì. Kí ẹ sì fiyè sí èyí: bí ọ̀pá tó gbé ìtọ́kọ̀ dúró bá ti nípọn ju mílímítà 230 lọ, òfin ò gbà kó jẹ́ pé agbára ọwọ́ ènìyàn nìkan ni ìrọ́pò náà gbójú lé. Agbára ẹ̀rọ mìíràn ló gbọ́dọ̀ wà.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òkun ńlá tó ń jẹ́ Dali fi ń dùn mí nígbà tí àwọn oníbàárà mi bá ń sọ ọ́. Gbogbo wa la rí i lórí fóònù, ní òru ọjọ́ 26 oṣù kẹta ọdún 2024, bí iná inú ọkọ̀ náà ṣe kú tó sì wó afárá Baltimore ní Amẹ́ríkà. Òṣìṣẹ́ mẹ́fà tó ń tún títì ṣe lórí afárá kú. Wọ́n máa ń bi mí pé, "Ṣé ọ̀gá ọkọ̀ yẹn ò lè fọwọ́ yí i ni?" Kò lè ṣe é láti ibi tó dúró sí. Kò sí irin tó lọ láti àgbá tó dì mú dé ìdí ìtọ́kọ̀. Wáyà ló ń gbé ọ̀rọ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni láti ìgbà tí iná kọ́kọ́ kú títí tó fi kọlu òpó, kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Fáànù ọkọ̀ sì ti dúró, ìtọ́kọ̀ tí fáànù kò sì gbá omi sí lára, ọwọ́ rẹ̀ rọ gan-an.

Ọ̀nà ọwọ́ wà, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún nídìí ọkọ̀ ló wà, nínú yàrá ìtọ́kọ̀. Ẹnì kan á sáré lọ síbẹ̀, á fi ìka ti fáfù pọ́ọ̀ǹpù fúnra rẹ̀, á máa wo ojú ìwọ̀n tó wà lára ọ̀pá, á máa gbọ́ àṣẹ láti òkè lórí tẹlifóònù tí kò nílò iná. Nínú ọkọ̀ kékeré, pọ́ọ̀ǹpù ọwọ́ ló máa fà. Iṣẹ́ ni, ẹni tí kò bá ti ṣe é rí kò lè kọ́ ọ lálẹ́ ọjọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́. Òfin ní kí a dán ẹ̀rọ ìtọ́kọ̀ wò láàárín wákàtí 12 kí ọkọ̀ tó gbéra, kí a sì ṣe ìdánrawò ti pàjáwìrì ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ó kéré tán.

Ìdánrawò yìí ni mo fẹ́ bá yín sọ, torí èmi ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹ sí lára.

Ọkọ̀ ẹlẹ́rù kékeré kan tó ń ná Abidjan sí Èkó ni mo wà nígbà náà. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ni ín. Ọ̀gànjọ́ òru ni, a ti kọjá Lomé, iná Cotonou ti ń tàn lókèèrè, ni agogo ìkìlọ̀ bá dún. Mo gba orí àkàsọ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí yàrá ìtọ́kọ̀, ọ́ìlì ni ẹsẹ̀ mi sì kọ́kọ́ tẹ̀. Họ́ọ̀sì kan ti bẹ́, gbogbo ilẹ̀ ń yọ̀, pọ́ọ̀ǹpù ń ké bí ìgbà tí wọ́n ń lọ irin. A pa á, a tan ìkejì. Ìkejì náà bẹ̀rẹ̀ sí ké, torí inú agolo ọ́ìlì kan náà làwọn méjèèjì ti ń mu, agolo ọ̀hún sì ti gbẹ. Afẹ́fẹ́ ló ń mu. Ìtọ́kọ̀ dúró sí apá ọ̀tún, ọkọ̀ sì ń yí òbìrí bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ èèkàn.

Ọwọ́ ló kù. Pọ́ọ̀ǹpù ọwọ́ wà níbẹ̀, ó ní agolo tirẹ̀, ọ̀pá rẹ̀ dà bíi ti pọ́ọ̀ǹpù omi àdúgbò. Ṣùgbọ́n kó tó lè ṣiṣẹ́, fáfù kékeré kan wà tí a gbọ́dọ̀ yí kí ọ̀nà ọ́ìlì lè kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀rọ bọ́ sọ́dọ̀ ọwọ́. Mo dì í mú, mo yí i, kò mira. Mo fi sípánà sí i, sípánà yọ̀. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i dáadáa: ọ̀dà ni. Wọ́n ti kun fáfù náà pọ̀ mọ́ ara páìpù. Mo fi ọ̀bẹ ha á. Ọ̀dà aláwọ̀ ewé ló kọ́kọ́ ṣí, eérú wà lábẹ́ rẹ̀, funfun lábẹ́ eérú, ewé tún wà lábẹ́ funfun, bí èèpo àlùbọ́sà. Gbogbo ìgbà tí aláyẹ̀wò bá ń bọ̀ ni wọ́n máa ń kun yàrá yẹn kó lè dán.

Ìwé tí a ń kọ ìdánrawò sí wà lókè, ó kún, ó sì mọ́. Ìbúwọ́lùwé mi wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti bu ọwọ́ lu ohun tí mi ò ṣe.

Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógójì ló gbà wá kí fáfù yẹn tó yí. Tẹlifóònù kò dún, a wá to ènìyàn sórí àkàsọ̀, kí wọ́n máa pariwo àṣẹ sí ara wọn láti òkè. Nígbà kan, "ọ̀tún" tó jáde lẹ́nu ọ̀gá ọkọ̀ ti di "òsì" kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, a sì fa ọkọ̀ sí òdì. Èmi àti ọmọkùnrin kan láti Badagry la fa pọ́ọ̀ǹpù yẹn títí ilẹ̀ fi mọ́, tí a fi ju ìdákọ̀ró sílẹ̀ níwájú Cotonou. Awọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó. Àárọ̀ ni ọ̀gá ọkọ̀ tó sọ fún wa bí ọkọ̀ kan ṣe kọjá sí ìdí wa lóru.

Orí ló yọ wá. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹta ọdún 1978, orí kò yọ ọkọ̀ epo ńlá tó ń jẹ́ Amoco Cadiz. Ọ̀nà ọ́ìlì ìtọ́kọ̀ rẹ̀ já ní òwúrọ̀ nítòsí etíkun Faransé, ọkọ̀ tó ń fà á kò rí i fà, ó gun àpáta lálẹ́ ọjọ́ yẹn, epo rọ̀bì tó ju ọ̀kẹ́ mẹ́wàá tọ́ọ̀nù lọ sì tú sókun. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òfin tó yí padà fún ọkọ̀ epo: bí ohun kan ṣoṣo bá bàjẹ́ nínú ẹ̀rọ ìtọ́kọ̀ ọkọ̀ epo ńlá, agbára gbọ́dọ̀ padà láàárín ìṣẹ́jú àáyá 45. Ẹ̀rọ méjì tó ń mu láti inú agolo kan, bíi tiwa yẹn, ẹ̀rọ kan ni.

Ẹ wá wo ọkọ̀ tiyín. Nínú àwọn ọkọ̀ tí à ń gùn níbí, irin lọ tààrà láti sítíárìn tí ẹ dì mú dé ìdí táyà. Ọ́ìlì lè gbẹ, bẹ́líìtì lè já, iná lè kú, irin yẹn ṣì wà. Àní èyí tó ń lo mọ́tò iná dípò ọ́ìlì, irin wà nínú rẹ̀. Ó kàn máa wúwo ni. Ohun tí ọ̀gá Dali ì bá fi gbogbo ohun tó ní rà lóru ọjọ́ yẹn wà nínú ọkọ̀ yín lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ sì ń pè é ní àjẹ́.

Àwọn tó tún ń ba nǹkan jẹ́ sí i ni àwọn tó ń pe ara wọn ní mẹkáníìkì lábẹ́ igi. Ọ́ìlì sítíárìn ń jò, wọ́n á da ọ́ìlì bíréèkì sí i, wọ́n ní ọ́ìlì ni ọ́ìlì ń jẹ́. Ọ́ìlì bíréèkì máa ń mú rọ́bà inú ráàkì, irin ìdí sítíárìn tó ń ti táyà, wú, á rọ̀ bí fùfú, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan gbogbo rẹ̀ á máa dà sílẹ̀. Mo ti tú irú rẹ̀ tí rọ́bà ń bá ìka mi bọ̀. Àwọn míì á gé bẹ́líìtì pọ́ọ̀ǹpù kúrò, wọ́n á ní àwọn ti sọ ọ́ di ti ọwọ́. Irọ́ ni. Ráàkì tí wọ́n ṣe fún ọ́ìlì, pístínì rẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀, ẹ̀yin lẹ ó máa fi apá yín ti ọ́ìlì náà kiri. Ẹ ka ìwé ọkọ̀ yín tàbí ìdérí agolo rẹ̀, ọ́ìlì tó bá dárúkọ ni kí ẹ rà.

Oníbàárà kankan kì í kúrò lọ́gbà mi mọ́ láìṣe ìdánrawò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan tó jẹ́ olùkọ́ ní Tánkẹ́ wá gba ọkọ̀ wọn. Mo ní kí wọ́n jókòó sínú rẹ̀, kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ sí ibi tí iná dáṣíbọọ̀dù ti ń tàn, torí bí wọ́n bá yọ ọ́, sítíárìn á tì pátápátá. Mo ní kí wọ́n tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀mẹta, kí wọ́n gbọ́ bó ṣe ń le sí i lábẹ́ ẹsẹ̀, kí wọ́n mọ̀ pé òun náà ń pàdánù olùrànlọ́wọ́. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí ti ọkọ̀ jẹ́jẹ́ lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Ìyá yí sítíárìn, kò lọ, wọ́n wò mí. Mo ní, "Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì dì í, Màmá, ẹ fi èjìká sí i." Wọ́n fi èjìká sí i. Imú ọkọ̀ rọra kọjú sí ẹnu ọ̀nà.

"Ó wúwo o, Ẹnjiníà," wọ́n ní. "Àmọ́ ó ń lọ."

Mo ní kí wọ́n tún yí i sí apá kejì.