Ìwé ẹ̀rí ọmọ yín dáa o, àmọ́ bíìlì iná dà?

Ọ́fíìsì iléèwé ìjọba kan ní Prince George's County ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní Maryland, ẹ̀gbẹ́ Washington níbí, èmi ni mo ń gba fọ́ọ̀mù àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé. Tó bá ti di oṣù kẹjọ báyìí, àwọn èèyàn wa á kó dé, wọ́n á gbé fáìlì gbẹ̀ǹdẹ̀kẹ̀ kalẹ̀: èsì ìdánwò láti Nàìjíríà, sátífíkéètì ìbí, fọ́tò pásípọ́ọ̀tù mẹ́rin. Màá yẹ gbogbo ẹ̀ wò tán, màá ní, "Ẹ ṣé mà, bíìlì iná ńkọ́? Àbí ìwé rẹ́ǹtì?" Wọ́n á kàn máa wò mí ni.

Nílé, ẹ lè máa gbé Ìkòròdú kọ́mọ máa lọ iléèwé n'Íkẹjà, owó ọkọ̀ nìkan ni wàhálà ibẹ̀. Níbí, ọ̀fẹ́ ni iléèwé ìjọba, àmọ́ àdírẹ́sì yín ló ń yan èyí tọ́mọ máa lọ, torí owó orí ilé táwọn ará àdúgbò ń san wà lára ohun tí wọ́n fi ń gbé e ró. Ní Maryland, county, tó dà bí ìjọba ìbílẹ̀ wa nílé, ló ni iléèwé, kì í ṣe ìlú: county 23 àti ìlú Baltimore tó dá dúró, ó di 24. Bowie, Lanham, Hyattsville ní county tiwa, abẹ́ ọ̀gá kan náà ni gbogbo wọn wà. Wọ́n tún wá fi ìlà gé inú county yẹn sí wẹ́wẹ́, ìlà ọ̀hún sì lè gba àárín títì kọjá. Èmi gan-an jẹ ẹ́ rí: ẹni tó bá mi wá ilé ní iléèwé tí mo fẹ́ ló wà lábẹ́ ẹ̀, mo sanwó tán kí n tó mọ̀ pé òdìkejì títì ló ń sọ.

Ìlà yìí ti dá ìjà sílẹ̀ o. Kí kóòtù tó ga jù ní Amẹ́ríkà tó dá ẹjọ́ Brown ní 1954, tó ní kí wọ́n má yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́, ọmọ dúdú àti ọmọ funfun ò jọ kàwé níbí. Ẹ lọ wo iléèwé Ridgeley ní Capitol Heights, 1927 ni wọ́n kọ́ ọ fáwọn ọmọ dúdú, owó Rosenwald, olówó kan tó ń ṣèrànwọ́ kọ́ iléèwé fáwọn ọmọ dúdú, wà níbẹ̀, mùsíọ́mù ló ti dà. Lẹ́yìn ìdájọ́ yẹn county ń fẹsẹ̀ falẹ̀ títí àwọn òbí fi gbé wọn lọ kóòtù ní 1972, ẹjọ́ Vaughns nìyẹn. Adájọ́ Kaufman ní kí wọ́n máa fi bọ́ọ̀sì gbé ọmọ láti àdúgbò kan lọ sí òmíì kí dúdú àti funfun lè jọ kàwé, oṣù kìíní 1973 bọ́ọ̀sì gbéra, sáà ò tíì parí! Ọ̀pọ̀ aláwọ̀ funfun ta ilé, wọ́n kó lọ. Ṣé kóòtù ò lè tẹ̀ lé wọn ni? Ní 1974, nínú ẹjọ́ Detroit tí wọ́n ń pè ní Milliken, adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án ní kóòtù tó ga jù ní rárá, wọn ò lè fi bọ́ọ̀sì ré ìlà district, ìyẹn agbègbè iléèwé kan, kọjá bí wọn ò bá fi hàn pé district tọ̀hún lẹ́bi. Bí ìlà ṣe di ògiri nìyẹn. Ní 1985 county bẹ̀rẹ̀ àwọn iléèwé àkànṣe tí wọ́n ń pè ní magnet káwọn òbí lè fúnra wọn fẹ́ rìn jìnnà, nígbà tó sì di 1998 ẹjọ́ bọ́ọ̀sì parí, àdírẹ́sì tún padà jọba.

Torí náà ẹ má yá àdírẹ́sì bùrọ̀dá kankan lò, wọ́n máa ń wádìí. Tó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ ẹlòmíì lẹ wà, ẹ mú onílé wá kó búra sínú ìwé. Tó bá jẹ́ pé àìsówó ló jẹ́ kẹ́ ẹ há mọ́ ọn lọ́dọ̀, ẹ sọ fún wa, òfin McKinney-Vento, tó wà fáwọn ọmọ tí ò nílé tiwọn, ní ká gba ọmọ lójú ẹsẹ̀, ìwé ì bá à má tíì pé. Ẹ̀yin tẹ́ ò sì tíì ní ìwé ìgbélùú, ẹ má fọmọ pamọ́ sílé jàre, láti 1982, ẹjọ́ Plyler, kò síléèwé ìjọba tó lè tìtorí ẹ̀ lé ọmọ.

Ẹ má gbàgbé káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára. Fọ́tò pásípọ́ọ̀tù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn, ẹ fi sílé, mi ò níbi tí mo fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́.