Ọwọ́ Tí Ìfun Ní Nínú Àìsàn MS

Nínú àìsàn multiple sclerosis, tí wọ́n ń gé kúrú sí MS, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tó yẹ kó máa bá àrùn jà ló ń kọjú ìjà sí onílé. Ó ń bó ọ̀rá tó bo iṣan inú ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn. Ojú lè ṣe bàìbàì, ẹsẹ̀ lè kú tipiri. Ó jọ pé ìfun wà lára ibi tí ìjà náà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún 2011, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Martinsried ní Jámánì tọ́ àwọn eku tí irú àìsàn yìí máa ń dédé bá síbi tí kòkòrò kankan kò lè dé. Ara wọn le koko. Ìgbà tí wọ́n fún wọn ní bakitéríà ìfun eku lásán ni àìsàn tó bẹ̀rẹ̀.

Ìdí ni pé ara ògiri ìfun ni ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì tó ń dáàbò bo ara ti ń mọ ohun tó yẹ kí wọ́n bá jà. Lára àwọn sẹ́ẹ̀lì náà, àwọn tí wọ́n ń pè ní Th17 a máa dá ìjà sílẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń pè ní Treg ni onílàjà. Oúnjẹ máa ń dá sí ọ̀rọ̀ wọn. Fáíbà inú ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti ọkà kì í dà nínú ikùn. Ìfun ńlá ló ń bọ́ sí, níbi tí bakitéríà ti ń mú un kan bí àgbàdo ṣe ń kan nínú omi ògì. Ásíìdì bíi propionate àti butyrate ló ń jáde níbẹ̀, àwọn ló sì ń mú kí Treg pọ̀ sí i. Bí fáíbà bá wọ́n, àwọn bakitéríà kan á yíjú sí ohun yíyọ̀ tó bo ògiri ìfun, wọ́n á máa jẹ ẹ́.

Ní 2017, wọ́n yẹ ìgbẹ́ ìbejì wò, méjì-méjì tó jọra délẹ̀, tí MS ń ṣe ọ̀kan tí kò ṣe èkejì. Eku tó gba bakitéríà ẹni tó ń ṣàìsàn ló ṣàìsàn jù. Bakitéríà kan tó ń jẹ́ Akkermansia pọ̀ lára àwọn aláìsàn tí kò tíì lo oògùn, bẹ́ẹ̀ bakitéríà yìí kan náà ni wọ́n ń yìn fún àwọn tó sanra jù. Ẹni tó bá ń ta "bakitéríà rere" nínú ìgò, ẹ bi í léèrè dáadáa.

Ìfun nìkan kọ́ ló sì jẹ̀bi. Ìwádìí kan lára àwọn ológun Amẹ́ríkà ní 2022 fi hàn pé fáírọ́ọ̀sì Epstein-Barr máa ń ṣáájú MS. Ní ti propionate, nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2020, àwọn dókítà ní Bochum ní Jámánì fún àwọn aláìsàn MS ní in: láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, Treg wọn pọ̀ sí i. Àwọn kan nínú wọn kò tíì lo oògùn MS; àwọn tó ń lo oògùn fi kún un ni, wọn kò fi rọ́pò rẹ̀.