Abẹ́rẹ́ Tó Ń Mú Èèyàn Fọn Kì í Yọ́ Ọ̀rá

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà gbọ́ nípa abẹ́rẹ́ tó ń mú èèyàn fọn, irú bí Ozempic àti Wegovy, ni pé bó bá ti wọ ara, iṣẹ́ ti bùṣe. Wọ́n ní oògùn náà á wá ọ̀rá lọ síbi tó lúgọ sí, á yọ́ ọ, ẹni tó gbà á kò sì ní ṣe ju kó máa gun òṣùwọ̀n wò. Ẹ sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kó máa rìn, kó máa gbé ohun tó wúwo díẹ̀, kó sì máa ṣọ́ ohun tó ń jẹ, ohun tí yóò fi dá yín lóhùn ni pé: “Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá tún máa ṣe gbogbo ìyẹn, kí wá ni mo ń gba abẹ́rẹ́ fún?”

Ìbéèrè tó bọ́gbọ́n mu ni. Ibi tó ti ṣìnà ni èrò pé abẹ́rẹ́ yìí ń yọ́ ọ̀rá. Kì í yọ́ ọ. Ebi ló ń pa lẹ́nu mọ́.

Bí oúnjẹ bá dénú ìfun wa, ìfun máa ń tú họ́mọ̀nù kan tí wọ́n ń pè ní GLP-1 sínú ẹ̀jẹ̀. Òun ló ń jẹ́ kí ọpọlọ mọ̀ pé oúnjẹ ti dé, òun náà ló sì ń jẹ́ kí ikùn máa rọra tú oúnjẹ sílẹ̀ dípò kó kánjú. Ṣùgbọ́n èyí tí ara fúnra rẹ̀ ń ṣe kì í pẹ́ rárá. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ara ti fọ́ ọ dànù. Semaglutide, ìyẹn oògùn inú Ozempic àti Wegovy, jọ họ́mọ̀nù yìí, àmọ́ wọ́n ṣe é lọ́nà tí ara ò fi lè tètè fọ́ ọ. Ó máa ń tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò lára, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń gbà á. Tirzepatide, èyí tó wà nínú Mounjaro àti Zepbound, tún ń ṣe iṣẹ́ họ́mọ̀nù kejì, GIP, mọ́ ti àkọ́kọ́. Àwọn tó ní àtọ̀gbẹ ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe Ozempic fún, ọdún 2017 sì ni wọ́n fọwọ́ sí i ní Amẹ́ríkà. Ọdún 2021 ni wọ́n tó fọwọ́ sí Wegovy fún àwọn tí sísanra ń yọ lẹ́nu.

Torí náà, ohun tó ń mú kí ọ̀rá dín kù ni pé oúnjẹ tó ń wọlé kò tó èyí tí ara ń lò mọ́, ara wá ń yọ nínú èyí tó ti kó pamọ́. Adènà lẹ́nu ọ̀nà ni abẹ́rẹ́ náà: ó dín iye àlejò tó ń wọlé kù, kì í bi wọ́n léèrè irú ẹni tí wọ́n jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n yà síbì kan díẹ̀. Àwọn kan máa ń gún un sí ikùn torí pé ikùn ni wọ́n fẹ́ kó fà, àwọn mìíràn ń gún un sí itan kí itan lè tẹ́ẹ́rẹ́. Wọ́n ń tan ara wọn ni. Ikùn o, itan o, apá òkè o, abẹ́ awọ ló ti ń lọ sínú ẹ̀jẹ̀, ibi tí wọ́n gún kò sì mọ nǹkan kan nípa ibi tí ọ̀rá yóò ti dín kù. Ìdí tó fi yẹ kéèyàn máa pààrọ̀ ojú ibẹ̀ ni kí awọ má bàa máa dun ún.

Ìwádìí tó sọ semaglutide di ìlú mọ̀ọ́ká jáde lọ́dún 2021. Àgbàlagbà 1,961 ni wọ́n lò, ọ̀sẹ̀ 68 ni wọ́n sì fi tọ́jú wọn. Àwọn tó gba oògùn gidi fọn tó nǹkan bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara wọn. Àwọn tó gba abẹ́rẹ́ tí kò sí oògùn nínú rẹ̀ fọn ní ìdá 2.4. Ìdá 15 yẹn làwọn èèyàn ń gbé kiri. Ohun tí wọn kì í sọ ni pé gbogbo àwọn tó wà nínú ìwádìí náà ni wọ́n ń gbà nímọ̀ràn déédéé, tí wọ́n ní kí wọ́n dín oúnjẹ òòjọ́ wọn kù pẹ̀lú kálórì 500, kí wọ́n sì máa fi ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ rìn tàbí ṣe eré ìmárale. Àpapọ̀ oògùn, oúnjẹ àti ìrìn ló bí ìdá 15.

Ṣùgbọ́n ìwádìí kan náà ló pa àwọn tó ń fi àwọn tó ń gba abẹ́rẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́nu mọ́. Àwọn tó gba abẹ́rẹ́ òfìfo gbọ́ ìmọ̀ràn kan náà, síbẹ̀ 2.4 ni wọ́n rí. Ebi tó ń dààmú ẹni tó sanra gan-an kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ, kò sì sí ìtìjú nínú kéèyàn gba oògùn sí i.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le gan-an ni iṣan, ìyẹn ẹran ara tá a fi ń gbé nǹkan, tá a sì fi ń dìde. Òṣùwọ̀n kì í sọ ohun tó lọ. Pé nǹkan lọ nìkan ló mọ̀. Nínú ìwádìí ọdún 2021 yẹn, wọ́n fi ẹ̀rọ wo ara àwọn bí 140 lára wọn, wọ́n sì rí i pé nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí wọ́n pàdánù kì í ṣe ọ̀rá. Ti tirzepatide sàn díẹ̀: nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ni. Bí ẹni tó wọn kílò 100 bá fọn kílò 15, ó ṣeé ṣe kí kílò 4 sí 6 nínú rẹ̀ jẹ́ nǹkan mìíràn. Omi wà níbẹ̀, àmọ́ iṣan náà wà níbẹ̀. Kì í ṣe pé oògùn ń jẹ iṣan o. Ẹni tó fi ebi pa ara rẹ̀ láìgba abẹ́rẹ́ kankan náà á pàdánù iṣan. Abẹ́rẹ́ kàn mú kó rọrùn láti fi ebi pa ara ẹni láìmọ̀ ni.

Ọ̀dọ́ lè má tètè mọ̀ ọ́n. Àgbàlagbà á mọ̀ ọ́n. Ẹ wo ìyá kan tó ti fọn kílò 12, tí aṣọ rẹ̀ ti ń fẹ̀ sí i lára, tí gbogbo èèyàn ń kí i kú oríire. Ẹ ní kó ká ọwọ́ méjèèjì sáyà, kó dìde lórí àga. Á sún síwájú, á tún sún síwájú, ọwọ́ á já sílẹ̀, á ti apá àga kó tó dìde. Kò rí bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó kọjá nígbà tó ṣì sanra.

Oúnjẹ ló kọ́kọ́ ń fà á. Bí ọjọ́ kan ṣe máa ń rí fún ẹni tí abẹ́rẹ́ ti wọ̀ lára dáadáa nìyí: láàárọ̀, ìdajì ife tíì àti bisikíìtì méjì. Lọ́sàn-án, kò sí nǹkan kan, ebi ò pa á. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ó rẹ̀ ẹ́, ó mu ohun mímu aládùn kan. Lálẹ́, ó jẹ ìrẹsì ṣíbí mẹ́ta, ó gbé abọ́ tì. Inú rẹ̀ dùn: “Mi ò tiẹ̀ rántí oúnjẹ lónìí!” Bẹ́ẹ̀, pùròtéènì, èyí tí ara fi ń ṣe iṣan, tó wà nínú gbogbo ohun tó jẹ látàárọ̀ kò tó èyí tó wà nínú ẹyin méjì.

Ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ nípa oúnjẹ ń dámọ̀ràn fún ẹni tó ń fọn ni pùròtéènì gíráàmù 1.2 sí 1.6 fún kílò kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Ìyẹn ni pé ẹni tó wọn kílò 80 nílò bíi gíráàmù 96 ó kéré tán. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò pé gbọ́dọ̀ bi dókítà kó tó ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ikùn kì í gba nǹkan púpọ̀, ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni kéèyàn kọ́kọ́ jẹ ẹyin, ẹja, ẹran tàbí ẹ̀wà tó wà nínú abọ́ kó tó kan ìyókù, kó jẹ díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin tàbí márùn-ún lóòjọ́, kó sì dáwọ́ dúró bó bá ti yó. Bó bá fi agbára jẹ ẹ́, èébì ló máa gbé e. Oúnjẹ ọlọ́ràá wà lára ohun tó máa ń dá èébì sílẹ̀. Ẹ̀fọ́, èso àti omi kò ṣeé fi sílẹ̀, torí àìrìgbẹ́yà wà lára ohun tí oògùn yìí ń fà. Ẹ má sì dúró de òùngbẹ kẹ́ ẹ tó mumi.

Eré ìmárale ni èkejì, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti ń ṣì í mú. Ìrìn dára fún ọkàn, àmọ́ ìrìn nìkan kì í di iṣan mú. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fi ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 ṣe eré ìmárale lọ́sẹ̀, kó sì tún fi ọjọ́ méjì ó kéré tán ṣe èyí tó ń fún iṣan lágbára. Ọjọ́ méjì yẹn gan-an làwọn èèyàn ń fò. Kò dìgbà téèyàn bá lọ síbi tí irin pọ̀ sí. Kó máa jókòó kó máa dìde lórí àga lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kó sinmi, kó tún un ṣe. Kó máa fọwọ́ ti ògiri. Kó máa gbé ìgò tí omi kún. Bí ó bá ti ń rọrùn, kó fi kún un. Tí inú bá máa ń rìn ín lọ́jọ́ kejì abẹ́rẹ́, kó sún eré náà sí ọjọ́ mìíràn. Ẹni tó ń lo insulin tàbí àwọn oògùn àtọ̀gbẹ kan mọ́ ọn gbọ́dọ̀ ṣọ́ra, torí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè já wálẹ̀ níbi tó ti ń ṣeré: ọwọ́ á máa gbọ̀n, òógùn á bò ó. Dókítà ló máa sọ bóyá kí wọ́n dín àwọn oògùn àtọ̀gbẹ yẹn kù.

Ọ̀rọ̀ ewu kò yẹ kó gùn, àmọ́ kò yẹ kó má sí. Aboyún kì í gbà á. Ẹni tí òun tàbí ìdílé rẹ̀ ti ní irú jẹjẹrẹ thyroid (ẹṣẹ́ kan tó wà lọ́rùn) tí wọ́n ń pè ní medullary kì í gbà á. Inú rírun tó le, tó ń ta dé ẹ̀yìn, tí kò lọ, ilé ìwòsàn ló kàn, kì í ṣe ìsinmi. Ayédèrú náà wà: ní oṣù Okudu 2024, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé wọ́n ti rí ayédèrú semaglutide ní Brazil, Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ẹni tó ní, “Bí mo bá ti fọn tán, màá jáwọ́.” Wọ́n tẹ̀ lé díẹ̀ lára àwọn èèyàn ìwádìí ọdún 2021 yẹn lẹ́yìn tí abẹ́rẹ́ tán, tí ìmọ̀ràn oúnjẹ àti eré ìmárale náà sì dópin. Láàárín ọdún kan, ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tí wọ́n fọn ló ti padà. Ebi tí wọ́n pa lẹ́nu mọ́ tún ti ń sọ̀rọ̀.

Ní Denmark, àwọn olùwádìí mú èèyàn 195 tí wọ́n ti fi oúnjẹ díẹ̀ fọn ní nǹkan bí kílò 13 láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, wọ́n wá pín wọn sọ́nà mẹ́rin fún ọdún kan: àwọn kan gba liraglutide, tó jẹ́ abẹ́rẹ́ ojoojúmọ́ láti inú ẹbí kan náà, àwọn kan ṣe eré ìmárale, àwọn kan ṣe méjèèjì, àwọn tó kù kò rí oògùn gidi gbà, wọn kò sì ṣe eré náà. Ọ̀rá tó dín kù lára àwọn tó ṣe méjèèjì tó ìlọ́po méjì ti àwọn tó ṣe ẹyọ kan. Nígbà tí wọ́n tún padà wò wọ́n lẹ́yìn ọdún kan tí gbogbo rẹ̀ ti dópin, àwọn tó ti ṣe eré ìmárale kò padà sanra tó àwọn tó gba abẹ́rẹ́ nìkan. Nítorí náà, ẹni tó bá ń rò ó láti dáwọ́ dúró lọ́jọ́ iwájú, ìgbà tí abẹ́rẹ́ ṣì wà lára ni kó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé nǹkan, nígbà tí ebi ò tíì padà dé.